Kí Ló Ń Rùn Nínú Mọ́tò Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn awakọ̀ àti onímọ́tò sọ ní kíláàsì àwọn àgbà

Inú mi dùn pé ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ a-b-d tán kò pa ìwé tì. Ìwé tí a kọ́ tí a kò fi ṣe nǹkan, bí ọkọ́ tí a rọ tí a kò fi roko ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo mú wá lónìí. Mo fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa òórùn inú mọ́tò: ibi tí ó ti ń wá, àti bí a ṣe lè lé e lọ pátápátá.

Gbogbo wa la mọ òórùn náà. A ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò alẹ́, nǹkan kan sì rọ́ lu imú wa bí òórùn aṣọ tí a fọ̀ tí a ká sínú agbọ̀n kí ó tó gbẹ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ kì í gbọ́ ọ mọ́ bó bá yá, nítorí ó ti mọ́ imú rẹ̀ lára. Èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni yóò gbọ́ ọ. Yóò fi ọwọ́ bo imú, yóò ní, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń rùn nínú mọ́tò yìí?” Bó bá di ọ̀la, mọ́tò ẹlòmíràn ni yóò wọ̀.

Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? A ó lọ ra lọ́fíńdà. A ó so ọ̀kan mọ́ dígí, a ó fọ́n òmíràn sára àga. Ẹ̀yin ará, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọjọ́ kejì, òórùn méjì ni yóò wà nínú ọkọ̀ náà: ti lọ́fíńdà, àti ti tẹ́lẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú relé nìyí: oníṣẹ́ ni òórùn yẹn. Omi ló rán an wá. Bí a bá lé oníṣẹ́ lọ tí a kò kan ẹni tó rán an lójú, yóò tún padà wá.

OHUN TÍ ÒÓRÙN NÁÀ JẸ́

Ẹ wo búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú ọ̀rá fún ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan bí òwú a bò ó lára. Òmíràn funfun, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òmíràn dúdú. A ó ní búrẹ́dì ti bu. Ohun alààyè ni nǹkan yẹn, ìbátan olú ni. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e káàkiri. Ó wà nínú ilé, ó wà lóko, ó wà nínú gbogbo mọ́tò, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó lè lé e tán.

Ṣùgbọ́n kò lè hù láìsí omi. Kápẹ́ẹ̀tì, tìmùtìmù àga àti ìdọ̀tí tó wà lára wọn ni oúnjẹ rẹ̀. Ooru inú mọ́tò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Omi nìkan ló ń dúró dè. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá rẹ tí kò sì gbẹ láàrin wákàtí 24 sí 48, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí bu. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbàgbé láti ti gíláàsì lálẹ́ ọjọ́ òjò fi ń gbọ́ òórùn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ibi tí bíbu yìí ń ṣe ju ìtìjú lọ. Èkíní, ó ń ṣe ara ní ibi. Eruku rẹ̀ ń mú kí àwọn mìíràn máa sín, kí imú wọn máa ṣomi, kí ojú máa yún wọn. Ẹni tó ní ikọ́ fée lè bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ nítorí rẹ̀, pàápàá ọmọdé tí a ti gíláàsì mọ́ inú ọkọ̀. Èkejì, ó ń ba ọkọ̀ jẹ́. Omi tó bá dúró lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ń jẹ irin ilẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, irin a dípẹtà, a sì lu. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kan náà ni ọ̀pọ̀ wáyà gbà kọjá. Bí omi bá wọ oríkèé wáyà, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ̀kẹta, ó ń gba owó lápò wa. Èrò yóò sá, panẹbítà yóò gba owó, réwáyà yóò gba owó, bẹ́ẹ̀ ni lọ́fíńdà kò ní í yé tán lọ́wọ́ wa.

Ẹ MỌ ÒÓRÙN KAN YÀTỌ̀ SÍ ÈKEJÌ

Oníṣègùn kì í já ewé kó tó bi aláìsàn léèrè. Àwa náà, ẹ jẹ́ kí á bi imú wa léèrè.

Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí ó sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn òjò, omi òjò ń wọlé níbì kan.

Bí ó bá kan bí ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, tí ó ń jáde nígbà tí a kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ amúlétutù tí à ń pè ní éésì, tí ó sì ń dínkù lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, inú éésì ni kí á wò.

Bí ó bá ń ta sánsán bí nǹkan dídùn, tí nǹkan bí òróró sì ń bo gíláàsì iwájú láti inú, omi aláwọ̀ tí a ń rọ sínú rédíétọ̀ ló ń jò sínú ọkọ̀. Májèlé ni omi yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì.

Bí ó bá ń rùn bí ẹran tó jẹrà, ó lè jẹ́ pé eku kú sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bí ó bá jẹ́ òórùn epo bẹntiróòlù tàbí èéfín, ẹ má ṣe jókòó sínú rẹ̀ máa wá ìdí. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde, kí ẹ sì pe mẹkáníìkì. Oró kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí kò ní òórùn rárá, ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹ WÁ Ọ̀NÀ TÍ OMI GBÀ WỌLÉ

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ríbi wọ̀. Iṣẹ́ wa ni láti wá ibi tí ògiri ti lanu.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù jáde. Ẹ gbé àwọn rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ kúrò. Ẹ gbé táyà sípíà kúrò nínú búùtù, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo kòtò tí ó ń jókòó sí. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ibi tí ìwé bá ti rẹ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ nìkan. Kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ lókè kí tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ sì kún fún omi bí kànìnkànìn.

Ibi mẹ́fà ló yẹ kí ẹ wò.

Ìkíní ni ọ̀nà omi éésì. Bí ẹ bá gbé ìgò omi tútù sórí tábìlì, ìgò náà a làágùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ìlì tútù tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ṣe ń làágùn nígbà tí éésì bá ń ṣiṣẹ́. Họ́ọ̀sì kékeré kan ló ń gbé òógùn náà jáde sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí họ́ọ̀sì yẹn, omi a kún, a sì ṣàn sí iwájú nínú ọkọ̀, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa ní ẹ̀gbẹ́ ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Ẹ tan éésì fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ tí ooru mú, kí ẹ sì wo abẹ́ ọkọ̀. Bí omi mímọ́ bá ń kán sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, àlàáfíà ni. Bí kò bá kán rárá, tí iwájú sì rẹ, họ́ọ̀sì ti dí. Ẹni tó ń ṣe éésì lè fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ má fi irin líle gún un, kí ẹ má baà lu kọ́ìlì.

Ìkejì ni abẹ́ wáípà. Ihò wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú tí òjò ń gbà ṣàn lọ. Ẹni tó ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò mọ ohun tí mò ń sọ. Ewé a bọ́ síbẹ̀, a di ìdọ̀tí, a dí ihò, omi a sì bá ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ kó ewé náà kúrò.

Ìkẹta ni ilẹ̀kùn. Ẹ wo rọ́bà tó yí ẹnu ọ̀nà ká, bóyá ó ti ya tàbí ó ti le. Ẹ wo ihò kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn gan-an. Wọn kì í ṣe àléébù, ọ̀nà ìjáde omi ni wọ́n. Ẹrẹ̀ a máa dí wọn. Ẹ tún béèrè bóyá ẹnìkan ti tú ilẹ̀kùn náà láti tún gíláàsì ṣe. Ọ̀rá kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú ọkọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kan a fà á ya, wọn a sì dé ilẹ̀kùn lé e bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni òrùlé, bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ní gíláàsì tó ń ṣí. Họ́ọ̀sì tín-ín-rín wà ní igun rẹ̀ tó ń gbé omi lọ sílẹ̀. Bí ó bá dí, omi a máa kán sórí àga.

Ìkarùn-ún ni búùtù. Ẹ wo rọ́bà tó yí i ká àti rọ́bà tó wà lẹ́yìn iná ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí nǹkan bá ti kọ lù lẹ́yìn rí, ibẹ̀ ni kí ẹ tètè wò.

Ìkẹfà ni gíláàsì iwájú, pàápàá èyí tí a ti pààrọ̀. Bí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò bá dọ́gba, òjò a máa yọ́ wọlé.

Bí ẹ kò bá tíì rí i, kí ènìyàn méjì ṣe é. Ọ̀kan yóò jókòó sínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èkejì yóò máa fi họ́ọ̀sì da omi jẹ́jẹ́ sára ọkọ̀ láti òde. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ó dúró ní ìṣẹ́jú mélòó kan níbì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn ká gbogbo ara ọkọ̀, wọn kò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé.

Ibí yìí ni ìwé kíkọ ti wúlò. Ẹ mú ìwé kékeré sínú ọkọ̀, kí ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá rí. Ẹ wo bí ó ṣe rí:

Ọjọ́ Ajé. Òjò rọ̀. A kò tan éésì. Iwájú gbẹ. Búùtù gbẹ.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò kò rọ̀. A tan éésì lọ sí Ìbàdàn. Iwájú rẹ lápá ọ̀tún.
Ọjọ́rú. Òjò rọ̀. A kò tan éésì. Iwájú kò rẹ sí i.

Ẹni tó bá ka ìlà mẹ́ta yìí ti mọ̀ pé òjò kọ́, éésì ni. Ó lè gbé ìwé náà fún mẹkáníìkì, kí wọ́n má baà tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ DÍ I, Ẹ SÁ A, Ẹ FỌ̀ Ọ́

Ẹ kọ́kọ́ dí ọ̀nà omi. Ẹni tó bá fọ kápẹ́ẹ̀tì kó tó dí ibi tó ń jò, òjò tó ń bọ̀ yóò bá a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ sá a. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ kíyè sí àmì orí ọ̀rọ̀ níhìn-ín. Òórùn ni imú ń gbọ́. Oòrùn ni yóò bá wa lé e lọ. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú oòrùn. Bí tìmùtìmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bá rẹ, ẹ gbọ́dọ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ asán ni gbogbo làálàá. Ní àkókò òjò, ẹ gbé fáànù sí i lábẹ́ òrùlé ní ọ̀sán àti òru. Bí ẹ ó bá tú àga, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ orí bátìrì kí ó sì dúró díẹ̀. Kí ó má fa wáyà aláwọ̀ ìyeyè tó wà lábẹ́ àga. Wáyà àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá ni, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe.

Ìgbà tí ó bá gbẹ ni kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì ṣe é ní gbangba. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ ibi tó bu. Ẹ má da omi púpọ̀ sí i. Ẹ lè fi fíníga funfun tí a bu omi là nù ún lẹ́yìn náà. Òórùn fíníga yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ tún sá a títí yóò fi gbẹ pátápátá. Tìmùtìmù tó ti bu wọnú, ẹ yọ ọ́ sọnù kí ẹ sì fi òmíràn sí i.

Bí ó bá jẹ́ éésì ló ń rùn, ẹ ní kí oníṣẹ́ fọ kọ́ìlì náà, kí ó sì wo asẹ́ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ẹ̀yìn àpótí ìkẹ́rù iwájú ni asẹ́ yìí wà. Ìwé ọkọ̀ yóò sọ ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti ti ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà a máa dí i kí ìgbà náà tó pé.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun méjì. Ẹ má da Jik pọ̀ mọ́ fíníga láéláé. Afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde. Ẹ má sì kó káńfọ̀, àwọn róbótó funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ, sínú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní kẹ́míkà kan tó ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́, pàápàá ọmọ ọwọ́ tí a bí pẹ̀lú àléébù ẹ̀jẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ó lè fa ibà apọ́njú. Bí òórùn díẹ̀ bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, èédú gbígbẹ nínú abọ́ tó fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ RA TÒKUNBỌ̀

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina mú kí omi bo ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey bo Houston. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mọ́tò ló rì sómi. Nílé níhìn-ín, àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti rì lè di títà lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́, òmíràn a sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ tí wọ́n ń tà bá ń ta sánsán jù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi lọ́fíńdà bò. Ẹ fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo irin abẹ́ àga bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ wo inú iná iwájú bóyá omi ti fa ìlà síbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ bi í léèrè. Bí ó bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Bí ẹ bá rí FLOOD, omi ti bo ọkọ̀ náà rí. Bí ẹ bá rí SALVAGE, ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ púpọ̀ rí. Ẹ mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú wọn báyìí. Ẹ kà á fúnra yín, kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

KÍ Ó MÁ BAÀ PADÀ WÁ

Ẹ pa éésì ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa fẹ́, kí kọ́ìlì lè gbẹ. Bọ́tìnnì tó ní àwòrán mọ́tò tí ọfà yí po nínú rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Afẹ́fẹ́ àtijọ́ ló ń yí ká nínú ọkọ̀. Agbòjò tó rẹ, ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbé ẹja àti fùfú lọ sọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á gbé e sínú ọpọ́n tí kò jò. Bí omi rẹ̀ bá dà sílẹ̀, kí á fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú mẹ́rin. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ wọ́n sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ọkọ̀ yín, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn gẹ́lẹ́:

Wá a. Dí i. Sá a. Fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá fò ọ̀kan nínú wọn, yóò tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èrò yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì mí dáadáa.

Ọ̀nà yóò là fún gbogbo yín.